Omi Tí Mo Bù Sínú Ìgò Àbúrò Mi

Ẹ jókòó. Ọmọ àbúrò mi, ìwọ sún mọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni. Ìyàwó mi, fi abọ́ yẹn sílẹ̀ ná. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò fi bá a. Tèmi ti sáré ju ogún ọdún lọ, òtítọ́ kò bá a. Èmi fúnra mi ni mo wá dúró sójú ọ̀nà báyìí, tí mo ń dè é. Dókítà ti sọ ohun tó sọ nípa ọkàn mi, ẹ̀yin náà sì gbọ́. N kò bẹ̀rù ikú. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí n kú, kí àbúrò mi sì máa rò títí tí òun náà yóò fi kú pé ọwọ́ òun ló lọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ́ra. Kò lọ́ra rí.

Ẹ̀yin ọmọ mọ̀ pé yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun. Ẹ kò mọ ohun tí mo ń ṣe níbẹ̀, n kò sì sọ ọ́. Ẹran ni mò ń gé, kì í sì í ṣe bí alápatà ṣe ń gé e. A máa ń ri ẹran náà sínú ìda gbígbóná. Bí ìda bá tutù, tó le, èmi á fi ẹ̀rọ bó o ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí èèyàn á fi lè ríran gba inú rẹ̀ kọjá. A ó rẹ ẹ́ láró, a ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, Ọ̀jọ̀gbọ́n á sì fi awò ńlá wò ó. Nítorí ìda yìí ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Onída. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ẹni tí í gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ sójú fèrèsé títí èèrà á fi jẹ ẹ́ tán. Àdán ló ń kọ́ nípa rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ kọ́, etí rẹ̀ kọ́. Ẹran rírọ̀ kan ni, pẹlẹbẹ, tó wà lẹ́yìn ikùn. Àwọn dókítà ń pè é ní pánkíríà. Àwa òṣìṣẹ́ ń pè é ní ahọ́n ẹ̀yìn ikùn, torí ó jọ ahọ́n. Gbogbo wa la ní in. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ṣe omi tí ń da oúnjẹ. Láàárín ìyẹn ni àwọn ìṣù kéékèèké wà káàkiri, bí erékùṣù láàárín odò. Àwọn ni wọ́n ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn erékùṣù yìí ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ mọ̀ kò le. Àdán ńlá ń jẹ èso. Òòbẹ̀, ẹbí rẹ̀ kékeré, ń jẹ kòkòrò. Àdán a máa jẹ èso tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó òun alára kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣúgà á kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, kò sì ní ṣàìsàn. Bí èmi bá dán irú rẹ̀ wò, ẹ ó sin mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, “Onída, oúnjẹ ló ń mọ inú ẹ̀dá. Ìdílé tó ti ń jẹ èso láti ayébáyé, erékùṣù ni yóò pọ̀ nínú ahọ́n yẹn. Ìdílé tó ń jẹ kòkòrò, erékùṣù rẹ̀ á kéré, omi tí ń da oúnjẹ ni yóò gba gbogbo ibẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wò ó.” Àbúrò mi dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ wo inú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀wà nìkan lẹ ó bá níbẹ̀.” Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ láti nu omijé.

Bí àbúrò mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ológbò là ń pè é, torí òkùnkùn inú ihò àpáta kì í dí i lójú. Òun ló ń mú àwọn ẹranko náà wá. Ìyá wa kú nígbà tí kò tíì mọ okùn bàtà í dì. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dì í. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ pẹ̀lú. A kò tíì bí ẹ̀yin ọmọ nígbà náà. Èmi àti ìyàwó mi ni, àti òun. Ẹnu mi wúwo, ẹ mọ̀ mí. Òun ló ń sọ̀rọ̀ fún wa. Bó bá ti ń bọ̀ láti òpin òpópónà la ó ti máa gbọ́ ìsúfèé rẹ̀. Á gba ilé ìdáná wọlé, á ṣí ìkòkò, á ní, “Ìyàwó wa, ẹran inú ọbẹ̀ yìí ń sunkún. Ẹ jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀.” Ìyàwó mi á gbá a lọ́wọ́ pẹ̀lú ìgbákọ. Á jẹ ẹran náà síbẹ̀.

A parí ti àdán láìsí wàhálà. Mo rí àwọn erékùṣù náà fúnra mi, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ. Ó ku ti òòbẹ̀, ká lè fi wọ́n wéra. Ọjọ́ kan ni Ọ̀jọ̀gbọ́n pè wá pé bí ti òòbẹ̀ bá parí, òun ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan lókè òkun, òun yóò sì mú Ológbò dání. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́. N kò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí.” Àbúrò mi sáré délé kí n tó dé. Nígbà tí mo wọlé, ó ti gbé àpótí aṣọ sílẹ̀, ó ń da aṣọ sínú rẹ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ ń dúró níta. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, n ó máa fi fọ́tò ránṣẹ́. N ó rán bàtà tí kò lókùn sí yín, kí ẹ yé dààmú.” Mo ní ó dára. Mo lọ jókòó lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi wá bá mi níbẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní, “Ta ni yóò wá máa pariwo nílé yìí? Ọlọ́run, kí nǹkan kan dá a dúró.” Ìyàwó mi, má wò mí bẹ́ẹ̀. Àdúrà ni tìrẹ. Ẹni tó bá gbàdúrà kò tíì jalè. Èmi ni mo dìde lọ ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi fara pamọ́ sí. Ahọ́n ẹ̀yìn ikùn kò dà bí ẹran yòókù. Omi tí ń da oúnjẹ ló kún inú rẹ̀. Bí ẹranko bá kú, omi yẹn kò mọ̀ pé ẹni tó ni òun ti kú. Á bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹran tó ṣe é. Ahọ́n náà á jẹ ara rẹ̀. Òòbẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú bí wọ́n bá gbé e rin ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, etí ihò àpáta níbẹ̀ ni Ológbò ti ń fún wọn lóògùn oorun. Á ṣí inú wọn, á yọ ahọ́n náà, á jù ú sínú ìgò fọ́málínì kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Fọ́málínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú ẹran jẹrà, ló ń dá omi náà lẹ́kun. Bó bá lágbára, ẹran á dúró bó ṣe wà. Bí kò bá lágbára, ẹran á jẹ ara rẹ̀ nínú ìgò, ìgò á sì dé bí ìgò tó dára. Èmi ni mò ń po fọ́málínì. Èmi ni mò ń rọ ọ́ sínú ìgò. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kàn án.

Òwúrọ̀ ni mo ṣe é, oòrùn ti yọ, àwọn èèyàn ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí mi. Mo da èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́málínì náà nù sínú kòtò ìfọwọ́. Mo bu omi ẹ̀rọ sí i. Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè máa ta èèyàn nímú. Ológbò dé, ó ṣí ọ̀kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sín. Ó ní, “Hẹn-ẹn! Ẹ̀gbọ́n mi, èyí lè jí òkú.” Mo ní, “Máa lọ, ọ̀nà jìn.” Nígbà tó padà dé, mo gba àwọn ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí omi inú wọn padà sí ojúlówó fọ́málínì kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò. Iṣẹ́ mọ́ tónítóní. Ọ̀bàyéjẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi awò wò ó. Ó ní kí n wò ó. Níbi tó yẹ ká ti rí erékùṣù àti odò, ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, bí ìlú tí àgbàrá gbé lọ. Ó ní, “Ológbò, ṣé o jẹ́ kó pẹ́ kí o tó jù ú sínú ìgò ni?” Ó ní, “Rárá o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí mo ṣe ń yọ ọ́ ni mò ń jù ú.” Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò burú, wọn yóò tún un ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, bí àwọn òòbẹ̀ bá ti padà sínú ihò náà. Ìrìn àjò di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jẹun yó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ojú kò tì mí. Inú mi dùn. Ológbò ń súfèé nínú yàrá rẹ̀, èmi ń gbọ́ ọ, mo sì ní lọ́kàn mi pé ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni.

Ní gbogbo àkókò òjò yẹn, ó ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti yára sí i. Á mú ọ̀bẹ, á fi ọsàn dánra wò, á ní kí n máa wò ó. “Ṣé ó yá, ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ó yá báyìí?” Mo ní ó yá. Ọjọ́ kan ó gé ara rẹ̀ níka níbi tó ti ń kánjú. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Mo fọ ọ́, mo fi aṣọ dì í fún un, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá kú, kí n má gé òun ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọwọ́ tí mo fi di egbò rẹ̀ náà ni mo fi bomi la ìgò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tó burú jù nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ dìde kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹ dúró kí n sọ èyí tán. Ẹrẹ̀ la tún rí nínú awò. Ọ̀jọ̀gbọ́n pe àwa méjèèjì sínú yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wọ inú. Ó ní àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún òun kò ní dúró dè wá mọ́. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní, “Onída, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń po fọ́málínì. N kò bá yín jà. Ẹ sáà sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé láti inú ìgò ni, àbí láti ọwọ́ rẹ̀?” Ọ̀nà wà fún mi níbẹ̀. Mo lè ní mo ṣi fọ́málínì pò. Wọn ìbá bá mi wí, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Ológbò ń wò mí. Kò fura sí mi. Ó ń wò mí bí ọmọ tó wà nínú kànga ṣe ń wo ẹni tó mú okùn dání. Mo ní, “Ìgò mi kò lábùkù. Ọwọ́ rẹ̀ ló lọ́ra.” Kò jiyàn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn fún un ni. Ó ní, “Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí.”

Èrò mi ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní mú un lọ mọ́, yóò sì dúró tì wá. Ìdajì rẹ̀ ṣẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n mo gbàgbé pé ẹni tí ojú bá tì kì í lè gbé níwájú ẹni tó rò pé òun dójú tì. Ilẹ̀ mọ́, ó ká aṣọ ibùsùn rẹ̀ síbi kan, ó wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró fún mi níbi iṣẹ́, èmi sì ta epo sí àlà yín. Nígbà tí mo bá ti di èèyàn, n ó padà wá.” Ohun tí mo sọ ni pé, “Jẹun kí o tó lọ.” Kò jẹun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n padà rí ohun tó ń wá, lára àwọn òòbẹ̀ ilẹ̀ mìíràn. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí: erékùṣù pọ̀ nínú ti ajẹso, ó kéré nínú ti ajẹkòkòrò. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá òun kí Ológbò, kí n ní òun kò bínú mọ́. Ibo ni mo ti fẹ́ rí i kí? Obìnrin náà ti kú báyìí. Gbèsè ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ di ọ̀run.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti bi mí títí ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í sùn nínú yàrá kékeré yẹn, nígbà tí ẹ̀yin ń fún ara yín mọ́lẹ̀ nínú yàrá kan. Mo ní òrùlé rẹ̀ ń jò. Òrùlé kò jò. Ibùsùn àbúrò mi ló wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá súfèé kọjá níta, ẹ máa ń rí mi tí mo ń lọ sójú fèrèsé, ẹ rò pé mò ń wo ojú ọjọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń ránṣẹ́: ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní mo ṣì ń tiraka. Nígbà tó yá, kò ránṣẹ́ mọ́. Mo wá a lọ sí ìlú kan, wọ́n ní ó ti kúrò. N kò wá a lọ sí ìkejì. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò mọ ọ̀nà. Irọ́ ni. Ohun tí n ó sọ bí mo bá rí i ni n kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Mo rí imú Ológbò lójú ọmọbìnrin kan. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, bàbá mi kò mọ̀ pé mo wá o. Wọ́n ní àwọn kò lójú tí àwọn ó fi wò yín.” Mo bi í léèrè iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó ní ó ń ṣọ́ ọgbà èso. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa fi òkò lé àdán. Wọn kì í lé e. Wọ́n ní àlejò kì í ṣe olè.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín. Ó wá ní nǹkan kan ń rú òun lójú. Ó ní, “Bí a bá jẹun tán, nígbà mìíràn wọ́n á mú ṣíbí, wọ́n á fi ya orí tábìlì bí ẹni ń ṣí nǹkan. Wọ́n á ju ohun tí n kò rí sínú ife. Wọ́n á tún un ṣe. Wọ́n á wá bi mí pé, ‘Ó lọ́ra, àbí? Ibo ló ti lọ́ra?’ N kò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.” Mo dìde. Mo lọ sí balùwẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹ má baà gbọ́ mi.

Ọmọ àbúrò mi, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. O ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì kéré, ìkìlọ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn èèyàn, tí ẹ kò fẹ́ kó lọ, ẹ sọ fún un pé, “Má lọ.” Kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. N kò sọ ọ́ rí. Bóyá ìbá dúró. Bóyá ìbá lọ, kó sì máa padà wá bá wa bí ọdún bá yípo. Ohun tí n kò lè fi ẹnu béèrè ni mo lọ fi ọwọ́ jí, mo sì pàdánù rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyàwó mi ní kí n pè é lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù. Dókítà ní kí n má rìnrìn àjò. Mo gbọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, ọmọ Ológbò yóò mú mi lọ sí ọgbà èso náà. Ìdí tí mo fi sọ fún yín lónìí ni pé bí ikú bá pàdé mi lọ́nà, òtítọ́ kò ní bá mi kú, ẹ ó bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀yin náà, fún ẹ̀rín tí ẹ kò gbọ́ nílé yìí.

Ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Èmi yóò dọ̀bálẹ̀, níbẹ̀, lórí ewé, níwájú ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀. Bó bá ní kí n dìde, n ó dìde. Bí kò bá sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wá gbé mi.